Ẹ̀yin ọ̀gá wa ní LASRIC, ẹ kọ́kọ́ wá wo èéfín Odògùnyàn

Sí ìgbìmọ̀ LASRIC, ẹ̀yin tí ìjọba Èkó ní kẹ́ẹ máa pín owó ìwádìí sáyẹ́ǹsì,

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ mí. Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, mi ò sì sí nínú òṣèlú, iṣẹ́ póòmpù àti nọ́súlù ọkọ̀ dísù ni mò ń ṣe ní Odògùnyàn, Ìkòròdú níbí, ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti gba firídọ̀ọ̀mù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí irú tírélà tó ń gba Ìkòròdú kọjá lọ sí Ṣágámù tí mi ò tíì tú póòmpù ẹ̀ rí. Ọmọ mi tó wà ní LASUSTECH, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó níbí, èyí tí gbogbo wa ṣì ń pè ní Pólì, ló sọ fún mi pé ẹ̀yin lẹ máa ń dá owó fún àwọn tó bá ní àbá ìwádìí, pé kí n yéé ráhùn ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, kí n kọ ọ́ síbi tẹ́ẹ ti máa rí i kà. Ló bá di lẹ́tà.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo ní. Lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá jókòó láti kọ ohun tí owó ìwádìí máa bá lọ lórí ọkọ̀ ńlá, ìyẹn bọ́ọ̀sì, típà, tírélà, tánkà, gbogbo nǹkan tó ń mu dísù bí omi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ọkọ̀ tí a ò tíì ní. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó wà lójú títì. Ẹ wọn èéfín ẹ̀, ẹ mọ ohun tó fà á, kẹ́ẹ tó ronú èyí tẹ́ẹ máa rà.

Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì oníná ló wu gbogbo ayé báyìí. Ó wu èmi náà. Lọ́dún 2023 tí LAMATA, àjọ tó ń rí sí ìrìnnà ní Èkó, àti ilé iṣẹ́ epo Oando kó bọ́ọ̀sì oníná Yutong méjì àkọ́kọ́ jáde fún ìdánwò, mo wo fọ́tò ẹ̀ lórí fóònù títí, mò ń wá ibi tí póòmpù wà, kò sí póòmpù, kò sí nọ́súlù, kò sí salẹ́ńsà pàápàá, mo ní háà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ èmi nìyẹn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Àmọ́ bọ́ọ̀sì méjì kọ́ ló ń gbé Ìkòròdú lọ síbi iṣẹ́, kì í sì í ṣe òun ló ń gbé yanrìn, sìmẹ́ńtì, ìrẹsì Ìmọ́tà àti irin. Ọkọ̀ tó ń gbé ìyẹn ti lo ogún ọdún ní ìlú Òyìnbó kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá síbí, ó sì ṣeé ṣe kó tún lo ogún míì lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí èéfín dúdú yẹn ti ń wá, torí mo máa ń gbọ́ lórí rédíò pé ọkọ̀ tó bá ti gbó ló ń rú èéfín, wọ́n á sì kọjá síbòmíì. Ẹ́ńjìnì dísù ò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo. Afẹ́fẹ́ ló máa kì mọ́lẹ̀ títí tó fi máa gbóná gan-an, nọ́súlù á wá fọ́n epo sínú ẹ̀ bí ẹni fọ́n lọ́fínńdà, á sì gbiná fúnra ẹ̀. Tí nọ́súlù bá ti jẹ, kò ní fọ́n mọ́, á máa tọ́ ni, ẹ̀kán epo tó bá sì tóbi ò ní jóná tán, èyí tí kò jóná yẹn ló ń jáde bí ẹ̀tù. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí fílítà afẹ́fẹ́ bá ti dí pẹ̀lú eruku ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́, tàbí tí tọ́bò tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnì bá ti kú, epo á pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Gbogbo ìyẹn, ọkọ̀ tó gbó lè ṣe é, ọkọ̀ tuntun náà lè ṣe é láàrin ọdún kan tí wọn ò bá tọ́jú ẹ̀.

Èkejì ni èyí tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Síkúrú kékeré kan wà lára póòmpù, òun ló ń sọ iye epo tó gbọ́dọ̀ lọ. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, baba kan gbé típà 911 wá bá mi, ó ń kó yanrìn láti ọ̀nà Bàyékù wá sí Ìtamàga, ó ní ọkọ̀ òun ò lágbára mọ́, ó ní alágbára ni òun fẹ́, kí n ṣí i fún òun. Mo ní bàbá, ọkọ̀ yìí ò láìsàn o, ẹrù yín ló pọ̀ jù. Ó ní ọmọ mi, ìwọ ṣáà ṣí i. Mo ṣí i. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo ṣí i, torí tí mi ò bá ṣí i ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì máa ṣí i, owó ilé ìwé ọmọ sì wà nílẹ̀. Nígbà tó fi máa já sí títì, mi ò rí ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́, kìkì dúdú. Ó dúpẹ́ o, ó tiẹ̀ ra mínírà fún àwọn ọmọ iṣẹ́. Kò pé oṣù mẹ́ta, wọ́n wọ́ 911 yẹn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, pístìnnì ti yọ́. Epo àpọ̀jù ló sun ún.

Kí ló dé tí bàbá yẹn fi ń gbé ẹrù tó ju ọkọ̀ ẹ̀ lọ? Torí pé iye tírípù ni wọ́n ń san owó fún. Tó bá gbé èyí tó yẹ kó gbé, owó dísù máa jẹ gbogbo ẹ̀. Ẹ wá rí i pé inú ìwé owó ni èéfín yẹn ti ń wá kó tó dé inú salẹ́ńsà. Tó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnì nìkan ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yín fẹ́ wádìí, ìdajì ọ̀rọ̀ ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi owó díẹ̀ sí ti àwọn tó mọ̀ nípa òwò pẹ̀lú, kí wọ́n wá bá àwọn onítípà jókòó ní ẹ̀bá odò, kí wọ́n ṣírò tírípù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, dísù, táyà, owó ojú ọ̀nà, ti àgbèrò, gbogbo ẹ̀.

Ìyàwó mi ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní Àgric, lẹ́bàá títì. Àárọ̀ ló máa ń nu tábìlì, tó bá fi máa di aago méjìlá tó bá tún fi tíṣù funfun nù ún, dúdú ló máa ń jáde. Èèyàn ń mí sínú ohun tí tábìlì ń mí sí. Lọ́dún 2012 ni àjọ tó ń wádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé èéfín dísù máa ń fa jẹjẹrẹ. Báńkì Àgbáyé náà ṣe ìṣírò tiwọn fún Èkó, wọ́n ní lọ́dún 2018 nìkan, èèyàn bíi 11,200 ló kú ṣáájú ọjọ́ wọn nítorí afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n dárúkọ Odògùnyàn wa níbẹ̀ o, lára àwọn ibi tí fáktọ́rì ti ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́. Ọkọ̀, fáktọ́rì àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ká mọ́ ibẹ̀. Lórí ọkọ̀, wọ́n ní èyí tó pọ̀ jù ti lé ní ọdún 15, wọ́n ní súfúrù, ìyẹn imí ọjọ́, inú dísù wa tó ìlọ́po 200 ohun tí Amẹ́ríkà gbà láàyè.

Ó dáa, kí ni mo wá fẹ́ kẹ́ẹ ṣe gan-an? Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín fún LASUSTECH, irú èyí tí wọ́n máa ń kì bọ salẹ́ńsà, tó ń ta iná gba inú èéfín kọjá láti mọ bó ṣe ki tó. Kò tóbi, ó lè wọ bọ́ọ̀tù káà. Kí àwọn ọmọ náà dúró ní Odògùnyàn fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n dúró ní Ìtamàga, kí wọ́n dúró ní Àgric, kí wọ́n dé Mile 12 níbi tí àwọn tírélà tòmátì ti ń wọlé. Kí wọ́n má mú ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má gba kọ́bọ̀, torí tí dírẹ́bà bá ti rí jákẹ́ẹ̀tì kan báyìí, ó ti gba inú àdúgbò sá lọ, ìwádìí ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí wọ́n kàn wọ̀n ọ́n, kí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀, irú ẹ́ńjìnì, bí ẹrù ṣe wúwo tó. Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n mú bíi àádọ́ta nínú àwọn ọkọ̀ yẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù wa, ká pààrọ̀ nọ́súlù àti fílítà, ká gbé póòmpù sórí bẹ́ǹṣì tí a fi ń dán an wò ká tò ó bó ṣe yẹ, kí wọ́n tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ àárín àkọ́kọ́ àtèkejì, kò sí ìwé Òyìnbó kankan tó lè sọ ìyẹn fún wa, torí kò sí Òyìnbó tó wa típà lọ́nà Gbẹ́rìgbẹ́ rí. Ojú tèmi ni pé ẹ máa rí i pé ọkọ̀ díẹ̀ ló ń rú èyí tó pọ̀ jù. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọ̀hún ò ní wọ́n yín tó bẹ́ẹ ṣe rò, nọ́súlù kò tó owó bọ́ọ̀sì.

Ọmọ mi fi bí Amẹ́ríkà ṣe ṣe tiwọn hàn mí. Lọ́dún 2000 wọ́n dá nǹkan kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní 21st Century Truck Partnership, wọ́n kó ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iná, ti ìrìnnà, ti àyíká àti ti ológun jọ pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe tírélà, pé kí gbogbo wọn jọ kọ ohun tí wọ́n máa wádìí sílẹ̀, ká má bàa rí ẹni tó ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé wọ́n tún ní kí àwọn àgbà onímọ̀ tí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà, àwọn National Academies, wá yẹ iṣẹ́ wọn wò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ ìwé lé e lórí, ní 2008, 2012 àti 2015. Níbí, ta ló máa ń yẹ projẹ́ẹ̀tì wò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gé ríbọ́ọ̀nù tán? Ara ohun tó jáde níbẹ̀ ni SuperTruck. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ẹrù tí gálọ́ọ̀nù epo kan lè gbé fi ìdajì lé sí i. Ti Daimler, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe tírélà, ju ìlọ́po méjì lọ nígbà tí wọ́n ṣe é tán ní 2015, wọ́n pè é ní 115%.

Mo pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n fi rí èrè yẹn. Apá ńlá níbẹ̀, ara ọkọ̀ tí wọ́n fi nǹkan bò tẹ̀gbẹ́tẹ̀gbẹ́ ni, kí atẹ́gùn lè máa yọ̀ kọjá, torí tírélà tiwọn ń sáré bíi 100 kìlómítà ní wákàtí kan lórí ọ̀nà tó tẹ́jú bí pákó. Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni atẹ́gùn ń dènà sí i. Típà tó kúrò ní Bàyékù tó ń bọ̀ ní Sábó, tó ń rìn 15, tó ń rìn 20, kí ni atẹ́gùn fẹ́ fi í ṣe? Ihò ló ń bá jà. Ìdádúró ni, ìgbéra ni, jíà kìíní, jíà kejì, kó tún dúró, ẹ́ńjìnì á sì máa ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún wákàtí kan gbáko ní súnkẹrẹ fàkẹrẹ. Tẹ́lọ̀ máa ń wọn èèyàn kó tó gé aṣọ. Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tó ń kọ eré àti ibi tí ọkọ̀ wà sílẹ̀ sára ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ní Ìkòròdú, bọ́ọ̀sì àti típà, kí wọ́n gbé e kiri fún ọdún kan, ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò, ẹ ó mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí gan-an, ẹ ó sì mọ irú bọ́ọ̀sì oníná tàbí onígáàsì tó bá a mu.

Torí mi ò sọ pé kẹ́ẹ má ṣe bọ́ọ̀sì oníná o. Bọ́ọ̀sì BRT, èyí tó ní ọ̀nà tiẹ̀ lọ́tọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2008, ti Mile 12 sí CMS, kìlómítà 22, ó dé ọ̀dọ̀ tiwa ní Ìkòròdú ní oṣù kọkànlá 2015, kìlómítà 13 àbọ̀ ni wọ́n fi kún un. Ẹni tó bá mọ bí ìyà Ìkòròdú sí Mile 12 ṣe rí kó tó di 2015 kò ní bú BRT tán. Èmi àti ọmọ mi wá jókòó ṣe ìṣírò lálẹ́ ọjọ́ kan, lórí ẹ̀yìn káléńdà. Bọ́ọ̀sì ńlá oníná máa ń jẹ nǹkan bíi kílówáàtì-wákàtí (ìyẹn yúnìtì tí mítà iná ń kà) 1 sí 1.5 ní kìlómítà kan, ẹ jẹ́ ká mú 1.3. Ká ní bọ́ọ̀sì 200 ló ń ná Ìkòròdú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rìn 300 kìlómítà lójúmọ́, gbogbo iná tí wọ́n máa jẹ jẹ́ mẹ́gáwáàtì-wákàtí 78, ìyẹn yúnìtì 78,000. Ẹ wá wo ẹ̀yìn ilé wa níbí. Egbin, ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná lọ́nà Ìjẹ̀dẹ́, láti ọdún 1985 ló ti wà níbẹ̀, ẹ́ńjìnì mẹ́fà, 220 mẹ́gáwáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1,320 lápapọ̀. Tí Egbin bá ń ṣiṣẹ́ tán pérépéré, kò ní lò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ tó fi máa pèsè gbogbo ohun tí bọ́ọ̀sì igba máa jẹ lójúmọ́ kan!

Ọmọ mi fò sókè. Mo ní jókòó, ìwọ ọmọ yìí, ṣé iná Egbin ló ń tan ìdí ẹ yìí? Abẹ́ wáyà ńlá Egbin là ń gbé, jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń tan bẹ́ǹṣì. Kì í ṣe pé iná ò sí níbi tí wọ́n ti ń ṣe é ni ìṣòro, bó ṣe máa dé gárejì ni. Tí gbogbo bọ́ọ̀sì igba yẹn bá fẹ́ gba iná láàrin wákàtí mẹ́fà lóru, mẹ́gáwáàtì 13 ni wọ́n máa fà lójú kan náà, ìyẹn ò ṣeé so mọ́ tíránsífọ́mà àdúgbò. Ìwádìí tó yẹ kó gba owó nìyẹn, wáyà wo, láti ibo, tí girí-ìdì, ìyẹn wáyà iná gbogbo orílẹ̀-èdè, bá ṣubú lóru kí ni bọ́ọ̀sì máa fi jáde láàárọ̀, ṣé bátìrì ńlá la máa gbé sí gárejì ni àbí sólà lórí òrùlé. Shenzhen ní Ṣáínà sọ gbogbo bọ́ọ̀sì wọn di oníná nígbà tí 2017 fi máa parí, ó lé ní 16,000, àmọ́ ìjọba fi owó ńlá sí i, wọ́n sì kọ́ ibi tí wọ́n ti ń gba iná kún un, wọn ò kàn ra bọ́ọ̀sì kí wọ́n wá máa wá sọ́kẹ́ẹ̀tì. California náà ṣe òfin ẹ̀ ní 2018, pé tó bá di 2029 gbogbo bọ́ọ̀sì tuntun táwọn ilé iṣẹ́ ìrìnnà bá rà kò gbọ́dọ̀ ní èéfín, kí gbogbo èyí tó wà lọ́wọ́ wọn di bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá fi máa di 2040. Ẹ wo bí wọ́n ṣe fún ara wọn láyè tó.

Ẹ tún jẹ́ kí èsì bọ́ọ̀sì tẹ́ẹ bá ti dán wò máa dé ọwọ́ gbogbo èèyàn. Iye iná tó jẹ tí AC, ẹ̀rọ amúlétutù, ń ṣiṣẹ́, tí èèyàn kún dé ẹnu ọ̀nà, nínú oòrùn oṣù kẹta. Àti omi. Tí wọ́n bá ṣí omi ìsédò Òyán sílẹ̀, tí odò Ògùn kún, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú Mile 12, Kétu àti Òwòdé Onírin máa ń rí, omi á dé orúnkún. Bọ́ọ̀sì dísù máa ń wọ́ ara ẹ̀ kọjá níbẹ̀. Èyí tí bátìrì wà lábẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Ó lè kọjá, wọ́n máa ń dí i pa, àmọ́ ṣé omi Òwòdé Onírin tí epo àti irin wà nínú ẹ̀ ni wọ́n dán an wò nínú ẹ̀? Mo kàn ń bèèrè ni.

Bátìrì yẹn gan-an ọ̀rọ̀ wà lórí ẹ̀. Ní Ògíjó, ẹ̀gbẹ́ wa níbí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì inú bátìrì ọkọ̀ tó ti kú. Lẹ́ẹ̀dì kì í ṣe nǹkan eré, ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, ẹni tó bá sì ń gbé ní apá ibẹ̀ mọ irú ẹ̀fin tí mò ń sọ. Bátìrì bọ́ọ̀sì oníná kì í ṣe ti lẹ́ẹ̀dì, líthíọ́mù ni, àmọ́ òun náà á kú lọ́jọ́ kan, táa bá sì dúró dìgbà tó bá kú ká tó ronú ẹ̀, àwọn ọmọ tó ń ṣa irin ló máa fi òòlù là á, á sì gbiná mọ́ wọn lọ́wọ́. Kí ìwádìí lórí ibi tó máa lọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ìwádìí lórí bọ́ọ̀sì. Ẹ má pín in sí fáìlì méjì.

Gáàsì CNG, èyí tí wọ́n ń fún mọ́ inú sìlíńdà, wá ńkọ́. Láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, ìjọba àpapọ̀ ti ń pariwo ẹ̀, wọ́n dá ètò CNG Ààrẹ sílẹ̀, Dangote náà kéde lọ́dún 2025 pé òun ń kó 4,000 tánkà tó ń lo CNG jáde. Mo fara mọ́ ọn, gáàsì wà nílẹ̀ wa, ó mọ́ ju dísù lọ ní ti èéfín dúdú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún yín pé bí wọ́n ṣe ń yí káà oníbẹntiróòlù padà náà ni wọ́n ṣe ń yí tírélà padà, ẹ má gbà á gbọ́. Mo ti sọ ọ́ lókè pé dísù ò ní púlọ́ọ̀gì. Gáàsì ò ní gbiná fúnra ẹ̀ níbẹ̀. Nínú kẹ́ẹ jẹ́ kó máa fi dísù díẹ̀ tanná ran gáàsì, kẹ́ẹ tú orí ẹ́ńjìnì kẹ́ẹ gbẹ́ ihò púlọ́ọ̀gì sí i kẹ́ẹ sì dín bó ṣe ń ki afẹ́fẹ́ kù, ẹ máa yan ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ yẹn, èyí táa lè ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹni tó tíì kọ́ wa bó ṣe yẹ ká tò ó, ẹni tó bá sì tò ó kò dáa, gáàsì tí kò jóná á máa bá salẹ́ńsà jáde, gáàsì yẹn sì ń mú ayé gbóná ju kábọ́ọ̀nù (CO2) tó ń jáde lára epo tó jóná lọ fíìfíì. Ẹ fún àwa àti ilé ìwé ní owó ká jọ wá bó ṣe máa ṣe é ṣe lára ẹ́ńjìnì MAN àti Mack àtijọ́. Lórí sìlíńdà, ẹ má ṣàwàdà rárá. Táyà tírélà, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi báà 8 (báà la fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe fún tó), ẹ sì mọ bó ṣe máa ń dún tó bá bẹ́. Sìlíńdà CNG jẹ́ 200. Ní Benin, ìpínlẹ̀ Ẹdó, ní oṣù kẹwàá 2024, ti ọkọ̀ kan bú nílé epo, àwọn aláṣẹ ní sìlíńdà tí wọ́n jó ní wẹ́ẹ̀dà, tí kò yẹ fún CNG rárá, ni wọ́n so mọ́ ọn.

Èyí tí mo fẹ́ sọ tẹ̀lé e yìí, mo rò pé àwa tó ń ṣe póòmpù nìkan ló ń bà lẹ́rù, bóyá ẹ ò tíì gbọ́ ọ rí. Àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti fẹnu kò pé láti 2021, súfúrù inú dísù tó ń wọlé kò gbọ́dọ̀ ju 50 lọ nínú mílíọ̀nù kan. Ohun tó dáa ni, torí fílítà èéfín tí wọ́n ń fi sára tírélà ìgbàlódé ò lè gbé pẹ̀lú súfúrù, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa fi ń gé e sọnù. Ṣùgbọ́n dísù tí wọ́n bá ti yọ súfúrù ẹ̀ tán máa ń gbẹ. Epo inú póòmpù ni póòmpù fi ń pa ara ẹ̀, kò ní òróró míì. Tí epo bá gbẹ, irin á máa jẹ irin. Ní ìlú Òyìnbó wọ́n máa ń fi nǹkan kan sí i ní ilé ìfọpo kó lè yọ̀ padà. Ṣé wọ́n ń fi sí èyí tí a ń rà níbí, tó bá sì jẹ́ pé wọ́n fi sí i, tí ẹnì kan bá da kẹrosíìnì mọ́ ọn lọ́nà kó tó dé Odògùnyàn ńkọ́? Ẹ ní kí wọ́n máa bu dísù láti ilé epo bíi ogún ní Ìkòròdú lóṣooṣù, kí wọ́n yẹ súfúrù àti yíyọ̀ ẹ̀ wò, kí wọ́n sì lẹ èsì ẹ̀ síta. Wọn ò nílò láti dárúkọ ẹnikẹ́ni lóṣù kìíní. Tó bá di oṣù kẹrin kí wọ́n dárúkọ.

Ti ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakòdò, mi ò mọ púpọ̀ nípa ẹ̀, mo kàn mọ̀ pé tó bá dúró ire, bọ́ọ̀sì tó wà lójú títì máa dín kù. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ tiẹ̀.

Ó ku bẹ́ẹ ṣe máa ná owó náà. Tí àwọn olùkọ́ bá kọ àbá wá, ẹ bi wọ́n léèrè, mẹ́káníìkì wo lẹ jọ fẹ́ ṣe é, kó kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀, kí owó tiẹ̀ sì wà níbẹ̀, kì í ṣe owó mínírà. Mo ti rí i tí àwọn ọmọ yunifásítì kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bi mí ní ìbéèrè títí tí ilẹ̀ fi ṣú, mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀, wọ́n lọ, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí dòní. Ṣé ìwé yẹn ṣeé kà? Ṣé mo sọ òótọ́ níbẹ̀ àbí mo ṣì sọ? Kí gbogbo ìwádìí tẹ́ẹ bá sanwó fún ní ẹ̀dà Yorùbá kan, ojú ewé méjì péré, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní gárejì àti ní ilé ẹgbẹ́ mẹ́káníìkì. Ẹ sì ronú kan àwọn ọmọ iṣẹ́. Mo ní mẹ́rin lọ́wọ́ báyìí, àbíkẹ́yìn wọn ọmọ ọdún 17. Tí mo bá fi ọdún mẹ́rin kọ́ ọ ní póòmpù, tí bọ́ọ̀sì oníná sì dé lọ́dún karùn-ún, kí ni mo kọ́ ọ? Iná inú bọ́ọ̀sì yẹn lé ní fólítì 500, kì í ṣe bátìrì fólítì 12 tí riwáyà ń fọwọ́ kàn, ẹ̀ẹ̀kan ló ń pa èèyàn. Kí ètò ìkọ́ṣẹ́ wọn wọ inú owó ìwádìí látìbẹ̀rẹ̀, LASUSTECH wà nílẹ̀, gbọ̀ngàn wà nílẹ̀, àwọn ọmọ náà wà nílẹ̀, kí wọ́n máa wá ní ọjọ́ Sátidé.

Tẹ́ẹ bá ní kí ẹnì kan wá wo ohun tí mo kọ yìí bóyá òótọ́ ni, kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè ní aago mẹ́fà àárọ̀, kó má wọ aṣọ funfun, kó dúró níbi tí ọ̀nà Ṣágámù ti fẹ́ kúrò ní Odògùnyàn. Tó bá ti wò ó tó, kó bèèrè ṣọ́ọ̀bù táwọn nọ́súlù tó ti jẹ wà nínú garawa lẹ́nu ọ̀nà. Màá gbé àga fún un. Bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀, màá so nọ́súlù tó dáa àti èyí tó ti jẹ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó fi ojú ara ẹ̀ rí èyí tó ń fọ́n àti èyí tó ń tọ́. Kó kàn ra dísù lítà márùn-ún dání fún jẹnẹrétọ̀.

Èmi ni tiyín,
Oníṣẹ́ póòmpù kan ní Odògùnyàn, Ìkòròdú.